Tíkẹ́ẹ̀tì Àlọ-Àbọ̀ Tí Mo Fún Rẹ̀bẹ́kà

Fúnmiláyọ̀, gbé bíírò yẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè tí o bi mí láàárọ̀ yìí, tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo gbọ́ ọ. O ní kí ló dé tí màmá yín àgbà fi ń jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ẹ ti dáyé títí tó fi kú. O ní o fẹ́ kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ẹ máa kà lọ́jọ́ ìsìnkú, pé obìnrin onírẹ̀lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi yan ẹ̀yìn. Ọmọ mi, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Rẹ̀bẹ́kà àbúrò mi ní ìrẹ̀lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ pa fóònù yín. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.

Lánàá, ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tuntun. Ẹ ní inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, pé bí ẹ bá ti fi wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á ti pa á, ẹlòmíràn ò lè fi wọlé mọ́. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ẹ rò pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Ẹkún ni mo lọ sun.

Ní ìgbà tiwa, tíkẹ́ẹ̀tì kì í tètè kú. Páálí kékeré ni, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó le, ó sì ń dán. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé á tì í bọ ẹnu irin kan, irin á dún gbì, ọjọ́ òní á sì wà lára rẹ̀. Bí o bá máa lọ tí o máa bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, o lè ra ti àlọ-àbọ̀, ó dẹ̀rọ̀ ju kí o ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni àwa ará ìhín máa ń rà tí a bá fẹ́ lọ ná ọjà Ìlọrin.

Kò sí rélùwéè ní Òsì wa níhìn-ín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gba Ìlọ́fà kọjá. Ọ̀fà ni a ti ń wọ̀ ọ́. Lọ́rí onípákó ló ń gbé wa débẹ̀, àwa, isu, àpò èlùbọ́ àti ewúrẹ́, gbogbo wa lẹ́yìn ọkọ̀ kan náà. A ó gba Òmù-Àrán, a ó gba Àjàṣẹ́, eruku á ti sọ gbogbo wa di arúgbó kí a tó dé. Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò fi gba títì lọ sí Ìlọrin tààrà. Ẹ ò mọ títì ìgbà náà. Bí òjò bá rọ̀, lọ́rí á rì, awakọ̀ á ní kí gbogbo ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ wá tì í, ẹrẹ̀ á sì mu èèyàn dé itan. Ọkọ̀ ojú irin kì í rì. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dé.

Ariwo rẹ̀ ni mo máa ń rántí jù. Bí ó bá fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù, á wá fọn fèrè, kálukú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Bí ó bá wá ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì wà lọ́kàn rẹ ló máa sọ fún ọ. Obìnrin kan wà tó ń ta èlùbọ́, Ìyá Kòrò là ń pè é nítorí Kòrò ló ti wá. Ó fi èdè ilé wọn pe isu, ó ní ohun tí ọkọ̀ náà ń sọ ni, “Usu ti tán, àgbàdo kù, usu ti tán, àgbàdo kù.” Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu ọkọ̀ yẹn mọ́.

Ìyá Kòrò yìí náà ni adìyẹ rẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀. A wá adìyẹ títí, abẹ́ àga, ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀, a ò rí i. Ó ti ń sunkún, ó ní wọ́n ti jí i. Nígbà tí a dé Ìlọrin, ààfáà kan tó ti ń sùn láti Ọ̀fà dìde, adìyẹ bọ́ sílẹ̀ láti inú agbádá rẹ̀, ẹyin kan sì wà níbi tó ti jókòó. Bàbá náà kó méjèèjì lé Ìyá Kòrò lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ gbà o, ìyá. Èmi kọ́ ni mo yé e.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ẹlòmíràn gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀. Rẹ̀bẹ́kà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀rín, àbí? Ó mọ ẹ̀rín rín tẹ́lẹ̀.

Kí n tó sọ èyí tó kù, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbé nígbà náà. Odó kan ni agbo ilé márùn-ún ń lò ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáná láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń fọn iná. Bí o bá fẹ́ kọ ebè, àáró ni: a ṣe tèmi lónìí, a ṣe tìrẹ lọ́la. Bàtà funfun kan wà, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ìyàwó mẹ́rin ni mo mọ̀ tó fi bàtà yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kéré, a ó fi àkísà dí i níwájú. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi á máa tiro, gbogbo ìjọ á ní ìyàwó yìí mà ń rìn jẹ́jẹ́ o. Rẹ̀bẹ́kà ni ẹnì kẹta tó wọ̀ ọ́. Lónìí, kálukú yín ní fóònù méjì, ẹ ò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiyín. Mi ò bú yín. Ìgbà ò lọ bí òréré.

Ojú kan náà tí a fi ń wo odó la fi ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ kì í lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, nítorí èrò máa ń kún bámúbámú lọ́jọ́ ọjà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, á fi pẹ́ńsùlù fa nǹkan sẹ́yìn páálí náà. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní àlọ, tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ ní àbọ̀, tí ẹni tó wà lẹ́nu géètì ní Ọ̀fà kò sì ráyè gbà á lọ́wọ́ rẹ, a ó ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ délé láìfarapa. Ọjọ́ òní ṣì wà lára rẹ̀. A ó wá ẹni wa kan tó fẹ́ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ, a ó fún un. Bí ẹni yá ọmọnìkejì ní ọkọ́ ló rí lójú wa. Ìyá mi ń ṣe é. Àwọn àgbà ìjọ ń ṣe é. Kò sí ẹni tó pè é ní olè, títí di ọjọ́ tí wọ́n mú ẹnì kan.

Sámúẹ̀lì ni orúkọ ọkọ Rẹ̀bẹ́kà, bàbá tó bí bàbá yín. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, bàbá yín gan-an ò mọ̀ ọ́n, nítorí ó ṣì ń rákò nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Inú ló ń run Sámúẹ̀lì. A fi ewé, a fi àgbo, a gbàdúrà, kò lọ. Èmi àti Rẹ̀bẹ́kà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, a ṣe àdéhùn. Èmi ni màá fi ọkọ̀ àárọ̀ lọ wò ó. Rẹ̀bẹ́kà á gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wa, á wá pàdé mi ní Ọ̀fà lọ́sàn-án, á sì bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ dúró ti ọkọ rẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ Sámúẹ̀lì láàárọ̀ yẹn. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi mú Rẹ̀bẹ́kà wá lónìí. Mo lí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ.” Mo ní kí ó rán mi. Ó mi orí. Ó ní, “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-rán-síni.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí oòrùn tó wọ̀, Rẹ̀bẹ́kà á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí mo ń bọ̀, ó ti rẹ̀ mí, mo sùn lọ. Ìyá Kòrò ló jókòó tì mí. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró ní Ọ̀fà ni mo jí, èrò ti ń ti ara wọn, ẹni ẹnu géètì ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún wọn. Mo bá wọn tì jáde. Rẹ̀bẹ́kà dúró sábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀, ó fi ìborùn di àwo ọbẹ̀ mọ́ra.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ara rẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ń bèèrè ẹ. Ó lóun fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀.”

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kí n bá òun di àwo mú kí òun lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní ra kí ni? Mo yọ tèmi lápò, mo fi lé e lọ́wọ́, mo ní ó délé láìfarapa. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ó bá kó owó tó fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ní kí n fi kún owó bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkórè, kí ẹsẹ̀ tíṣà má baà máa jáde lẹ́nu bàtà níwájú ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí sí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin nígbà náà. Èmi ni mo mọ̀wé nílé wa. Òun kò mọ̀wé kà.

Mi ò yí tíkẹ́ẹ̀tì náà wẹ̀yìn wò. Ẹ gbọ́ mi? Mi ò yí i wẹ̀yìn. Ohun tí ì bá gbà mí kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú.

Ọkọ̀ gbéra. Ó yọrí láti ojú fèrèsé, ó ní, “Ẹ bá mi wo ọmọ délẹ̀ o!” Mo juwọ́ sí i. Mo wọ lọ́rí padà sí Òsì, mo jẹ iyán lálẹ́, mo sùn.

Àwọn ará ilé tó wà nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn ló wá ròyìn. Wọ́n ní ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wẹ̀yìn, ó ní, “Ìyàwó, tíkẹ́ẹ̀tì yìí ti lọ, ó ti bọ̀. Èmi ni mo kọ èyí lọ́sàn-án. Ta ló fún ọ?” Ọkùnrin náà ní bí ó bá dárúkọ ẹni tó fún un, òun á jẹ́ kó sanwó kó máa lọ, ẹni yẹn ni òun máa wá. Wọ́n ní Rẹ̀bẹ́kà wo àwo ọbẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wá ní, “Mo ṣà á nílẹ̀ ni.” Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kékeré kan láàárín igbó, wọ́n sì tì í mọ́lé níbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní ọkọ òun ń ṣàìsàn. Wọ́n ní gbogbo olè ló ní aláìsàn nílé. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Sámúẹ̀lì ti kú láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ló ń gbìyànjú láti gbórí sókè. Rẹ̀bẹ́kà gbé ọbẹ̀ tó ti kan dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, Ìyá Kòrò fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí o sùn nínú ọkọ̀, èmi ni mo yọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ lápò, tí mo nà án sí ọkùnrin yẹn kó má baà jí ẹ. Ó kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé òun kọ́ lo fún àbúrò rẹ?” Mo ní òun ni. Ó ní, “Lọ sọ.” Mo ní màá sọ.

Mi ò sọ. Ìjọ pe Rẹ̀bẹ́kà lẹ́yìn tí ó ti ṣe ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀, nítorí ìròyìn ti tàn dé Ìlọ́fà pé wọ́n mú ọmọ ìjọ wa ní olè nínú rélùwéè. Àwọn àgbà jókòó, àwọn kan náà tí wọ́n ti fi irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wọkọ̀ rí, wọ́n tẹ ojú mọ́lẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó tún ní òun ṣà á nílẹ̀ ni. Wọ́n ní kó má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún oṣù mẹ́ta, kó sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n ní kó kọ ìpinnu náà sínú ìwé? Èmi ni, torí èmi ni mo mọ̀wé. Mo kọ ọ́. Rẹ̀bẹ́kà gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tún wolẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ mi, iṣẹ́ tíṣà mi parí nìyẹn. Ìkórè dé, mo wọ bàtà tuntun, mo dúró láàárín ẹgbẹ́ akọrin níwájú, mo kọ orin ọpẹ́. Òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ dúdú, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, pásítọ̀ ní kó padà sí àyè rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n wà níbí ná.”

Lọ́dún kọ̀ọ̀kan, bí isu tuntun bá jáde, ó máa ń gbé tèmi wá. Á jókòó síbi tí ìwọ jókòó sí yẹn, Fúnmiláyọ̀, á ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ rò pé Sámúẹ̀lì fẹ́ bá mi sọ?” Mo máa ń ní bóyá ó fẹ́ kó tọ́jú ọmọ ni. Á ní, “Bóyá.” Á dìde, á relé. Mo di ọ̀gá ilé ìwé, mo di àgbà ìjọ, wọ́n fi mí joyè Bàbá Ìjọ. Bí oyè ṣe ń pọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, èmi tí mo ṣu ni mi ò gbàgbé, mi ò sì kó o.

Ọdún tí wọ́n gbé mi lọ wo ojú ní Ọ̀fà, mo ní kí awakọ̀ bá mi yà sí ibùdókọ̀ àtijọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ jù. Ewúrẹ́ ń sùn lórí ibi tí a ti ń to ẹrù. Mo dúró sábẹ́ òrùlé yẹn, níbi tí Rẹ̀bẹ́kà ti gbé àwo dúró. Awakọ̀ ní kí ni mo ń wá. Mo ní kò sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àìsàn yìí wọ̀ ọ́ lára, mo lọ jókòó tì í. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Mo ní, “Rẹ̀bẹ́kà, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.” Mo bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́, ó nu ojú mi, bí ẹni pé èmi ni àbúrò. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò bínú sí yín rí. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn yẹn, mo máa ń rí gbogbo ìjọ. Mo máa ń wo orí yín níwájú lọ́jọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, bóyá òní ni Bọ̀ọ̀dá mi máa dìde.”

Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ, Fúnmiláyọ̀. Ó ń dúró dè mí ni.

Má sunkún mọ́. Gbé bíírò rẹ. Kọ orúkọ mi sí i, kọ ọ́ gbàgàdà, pé èmi ni mo fún un. Má ṣe bi mí bóyá ìjọ máa gbọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí ẹ bá sì kà á débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí méjì nínú yín di apá mi mú, ẹ gbé mi dìde. Ẹ̀yin ẹ̀ ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ṣe ohun ńlá. Mo kàn fẹ́ dìde ni, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wo orí mi láti ẹ̀yìn mọ́.